Gbólóhùn Tí Mo Sọ Nípa Korobá Kànga

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ìgándó, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ilé wa ń lò. Ìyá onílé ló ni korobá tí a fi ń fa omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, okùn já mọ́ mi lọ́wọ́, korobá sì rì. Kò sẹ́ni tó rí mi, mo bá yára wọlé. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ káfíńtà tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, ló wá pọnmi lẹ́yìn mi, òun sì ni ìyá onílé bá nídìí kànga. Wọ́n gbà pé òun ló ju korobá sínú omi, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni láti yàrá káfíńtà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi láti Ẹgàn, àdúgbò kejì sí tiwa, nìyẹn.

Mo dákẹ́. N kò ní parọ́ fún yín: ẹ̀rù nìkan kọ́. Ó tún tù mí lára pé kò sẹ́ni tó fura sí mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ sí lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ tíṣà kan, ìyá Èkìtì tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú ilé wọn. Wọ́n kọ "hold back" sára pátákó. Wọ́n ní èèyàn lè fi sọ pé òun pa ẹ̀rín mọ́ra, tàbí pé òun mọ ọ̀rọ̀ kan tí òun kò sọ. Ó sì tún lè jẹ́ pé nǹkan kan ni kò jẹ́ kéèyàn tẹ̀ síwájú. Wọ́n wá ní kí kálukú fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an ṣe gbólóhùn.

"Mà, màmá mi máa ń hold back ẹran mi!" ni ọmọkùnrin kan wí.

"Èyí tó o ti jí jẹ nínú ìkòkò ńkọ́?" ni ọ̀rẹ́ mi fi dá a lóhùn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ó kàn mí. Mo dìde, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mo mọ òótọ́ nípa korobá kànga, mo sì fi pa mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. "Ìwọ! Ìwọ tó ò ń wò mí bí mo ṣe ń ru omi wọlé láràárọ̀!"

Tíṣà ní gbólóhùn mi dára. "Ṣùgbọ́n ìyá onílé ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ó yá, kó ìwé rẹ, a jọ ń lọ ni."

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá onílé, mo gba ìbáwí mi, wọ́n sì gba ọ̀rẹ́ mi láyè nídìí kànga padà. Ó pẹ́ kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ omi ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa, fóònù sì ni ẹ̀yin àbúrò mi fi ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. N kò sọ pé ó burú. Ó yá ju pátákó lọ, ó sì ṣeé ṣe kó péye jù ú lọ. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ní kí ẹ dìde, kí ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ṣe gbólóhùn. N kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ǹ bá ti jẹ́wọ́ ká ní tíṣà yẹn kò pè mí lọ́jọ́ náà.