Ọwọ́ Tútù Tó Di Bàbá Akunlé Lápá Mú

Bí ìyàwó Bàbá Akunlé bá rántí ọkọ rẹ̀ olóògbé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Bàbá pariwo nínú ilé òfìfo tó ń kùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ. "Fi apá mi sílẹ̀!" Onílé tó wà níta ló kọ́kọ́ sá. Bàbá bá a lẹ́nu géètì, ọ̀dà funfun ń kán láti ara búrọ́ọ̀ṣì. "Ẹnì kan wà nínú ògiri yẹn. Ó gba ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi kànga." Onílé mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ti kun ibẹ̀ tán ṣá?"

Àbàwọ́n kan ló wà lára ògiri ọ̀hún, ó rí bí èèyàn tó dúró. Bàbá á kùn ún lónìí, á tún yọjú lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló kùn ún láìsinmi. "Èmi pẹ̀lú rẹ, ta ló máa kọ́kọ́ sú?" ló bi àbàwọ́n náà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sú.

Nílé, ife omi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, á ké. Ìtàn náà sì ń dàgbà: lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ lásán ni, nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ọwọ́ ti wọ òrùka. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀, torí Bàbá ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní kó gbé ọrùn ọwọ́ sókè, òun wá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀.

"Yéè! Òun nìyẹn!"

"Bàbá, iṣan tó so ẹran apá mọ́ egungun ìgbọ̀nwọ́ ni. Ohun kan náà lẹ ń ṣe láràárọ̀. Ó ń ya díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì fún un láyè kó jinná."

Bàbá ronú. "Dókítà, ṣé iṣan máa ń wọ òrùka?"

Dókítà ní kó sinmi, kó máa rọra gbé agolo kékeré sókè kí apá náà lè lágbára. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ka iye ìgbà tó gbé e fún un lójoojúmọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó dúró díẹ̀ kó lè mí. Ohùn kan sọ pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀yin lẹ kà á?" ìyàwó bi Bàbá.

"Èmi kọ́." Bàbá tún gbé agolo sókè. "Jẹ́ kó máa bá wa kà á. Ó kúkú mọ ìṣirò."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìrora lọ. Àbàwọ́n náà lọ pẹ̀lú, torí onílé ti tún páìpù tó ń jò nínú ògiri ṣe. Bàbá ní irọ́ ni, òkú inú ògiri ló túúbá.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Bàbá, ìyàwó rẹ̀ jókòó ti àga ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí apá ọkọ rẹ̀ ti mú kí aṣọ àga náà gbó. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yẹ kó sá. Kò sá. Ó rọra ń fọwọ́ pa ibẹ̀.

"Ẹ sinmi, olówó orí mi," ló wí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."