Àtẹ́lẹwọ́ Méjì Lára Apá Bàálù

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn ní Òmù-Àrán, ó sì yẹ mí ju aṣọ ìgbéyàwó mi lọ. Àwọn ọmọ ìlú wa tó ń gbé Èkó ló ra ògbólógbòó bàálù kékeré kan, wọ́n gbé e sábẹ́ àtíbàbà páànù, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun bàálù. Àwa mẹ́sàn-án la wá. Èmi nìkan ni mo ní ọmọ-ọmọ.

Alàgbà Ajíbóyè ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà. Òun kan náà ni pírínsípà mi fún ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, tó ti yàrá kẹ́místrì mọ́ mi, tó ní obìnrin yóò dáná sun ilé-ìwé. Bó ṣe rí orúkọ mi, ó ní kí Káyọ̀dé, olùkọ́ wa, yọ ọ́. Káyọ̀dé ní òun yóò dán mi wò: bí mo bá kun apá òsì bàálù náà dáadáa, òun yóò mú mi lọ ṣiṣẹ́ níbi tí òun ti ń kun bàálù ní Èkó; bí mo bá bà á jẹ́, kí n máa lọ sílé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sáńpépà ha irin náà. Mo fi oògùn tó ń pa ọ̀rá nù ún, mo wá da omi lé e. Bí omi bá ṣù jọ bí ìrì lójú ewé, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Orí mi ń wú.

Nígbà tí omi gbẹ, Alàgbà dé, ó ní a ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìgbàdúrà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi tọkàntọkàn dijú sí àdúrà ọkùnrin náà. Ó ṣe àmín, mo bo imú, mo gbé ìbọn ọ̀dà, mo ń fọ́n ọ̀dà funfun. Díẹ̀ ló kù kí n máa jó. Lójijì, ihò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú ọ̀dà.

"Ṣé mo sọ," ni Alàgbà wí. "Tíṣà, ẹ máa lọ sinmi."

Mo tẹ orí sún mọ́ ọn. Ihò náà ní ìka. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ni, ọ̀tún àti òsì. Ọyẹ́ ń mú, kò sẹ́ni tí kì í fi òrí para láàárọ̀, àmọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ wọ ìbọ̀wọ́.

"Pírínsípà, níbo lẹ gbé ọwọ́ lé nígbà tí ẹ ń gbàdúrà?"

"Sára bàálù ni. Ṣé afẹ́fẹ́ ni kí n gbé e lé?"

"Ẹ fi òrí para lónìí?"

"Ojúlówó òrí Ṣàrẹ́ ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó na ọwọ́ méjèèjì sókè àmì náà, kó má fi kàn án. Ó bá a mu rẹ́gí, títí dé ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, pé ọ̀dà ò lè mú lórí ọ̀rá.

Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún un kùn. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Káyọ̀dé fi wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó tún fìlà ṣe.

"Màmá," ó ní, "ọjọ́ Ajé la ń lọ."

Láti inú ọkọ̀ Èkó ni mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí Ajíbóyè ń ṣe akọ̀wé fún. Mo ní kí wọ́n má retí mi nípàdé. Mo ti wọṣẹ́.