Ọba Tó Dọ̀bálẹ̀ l'Ọ̀yìngbò

Títí dòní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Ọ̀gá Sylvester l'Ọ̀yìngbò, ọ̀rọ̀ ọba tó dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn.

Ọdún 1933 ni. Ọ̀gá Sylvester, káfíńtà Rélùwéè, ń ṣe tíátà nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ọláṣẹ́gun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ó dé adé páálí, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n lọ bẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan lórí, ni bàbá Àràmídé, ọmọbìnrin tí Ọláṣẹ́gun ń fẹ́, bá wọlé. Kábíyèsí sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Adé yí lọ sáàárín èrò.

Ọ̀gá Sylvester já jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Ṣẹ́gun, dìde. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀gbọ́n, àna mi ni wọ́n. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún mi níyàwó ni?"

Bàbá Àràmídé gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì ní kó dìde."

Wọ́n á sọ èyí tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní orí Ọ̀gá kò pé. Ó máa ń bí mi nínú. Ìwé ni ọkùnrin náà kà, àwọn tó ń bú u kò ka nǹkan kan.

Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló da ìwé náà nù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Rélùwéè. Ìtàn tíátà ìlú Lọ́ńdọ̀n ni, láti ayé Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dé ayé Ọba Jémíìsì tó jẹ tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ló ti rí i pé tíátà wọn kò ní òrùlé láàárín, pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣeré, pé ẹni tó bá san kọ́bọ̀ kan, ìdúró ló máa fi wòran. Ó tún rí i pé àwọn káfíńtà kan tú odindi tíátà palẹ̀, wọ́n kó igi rẹ̀ sọdá odò, wọ́n sì tún un kọ́. Ibẹ̀ ló máa ń kà sókè fún gbogbo ojúlé. Ìwé náà ti ya lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá gbà pé ibi tó ya sí ni ọ̀rọ̀ tíátà parí sí.

Alàgbà Ọláolú wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi gbọ̀ngàn wọn lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti àga.

"Ẹ ṣé, sà," Ọ̀gá dáhùn. "Ẹ bá mi ṣí òrùlé rẹ̀, kí ẹ sì kó àga yẹn jáde. Ìjókòó lẹ fẹ́ràn, ẹ ò fẹ́ràn tíátà."

Èyí tó wá le jù ni pé kò gbà kí obìnrin ṣeré. Ìwé ní ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ Fúnlọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣe títíṣà ní Yábà, mọ ọ̀rọ̀ ayaba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló ń kọ́ àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Àmúsà alápatà ni Ọ̀gá fi ṣe ayaba, Àmúsà sì kọ̀ láti fá àgbọ̀n. Ó ní súnnà ni irùngbọ̀n òun. Wọ́n fi ìborùn wé e lẹ́nu.

Lọ́dún 1935, ó ku oṣù kan kí wọ́n gbé Fúnlọ́lá níyàwó lọ sí Iléṣà. Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ṣe é kí n tó lọ. Àbí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"O mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Ìwé ni kò gbà."

Fúnlọ́lá sunkún wọlé lọ di ẹrù. Nígbà tó kó aṣọ inú àpótí ìyá rẹ̀ jáde, ó rí ewé ìwé kan tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó kà á, ó sáré gbé e jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí wọ́n fi ti tíátà pa, ọba tuntun dé láti òkè òkun, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ní Lọ́ńdọ̀n.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà yíyan.

"Làbákẹ́, ibo ni ìyókù ìwé mi wà?"

"Mo ti fi pọ́n ẹ̀pà tipẹ́."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń bá ọmọ mi jà, ìwọ ń fi ìwé pọ́n ẹ̀pà?"

"Bàbá Fúnlọ́lá, ẹ̀pà yẹn ló rán an níléèwé tó fi mọ ìwé yín kà."

Ọ̀gá bínú jáde. Nígbà tó padà, adé páálí ló mú dání. Ó fi dé ọmọ rẹ̀ lórí.

Lọ́jọ́ eré, ó dúró sínú oòrùn láàárín àwọn tó san kọ́bọ̀ kan. Bí Fúnlọ́lá ṣe jáde pẹ̀lú adé, Ọ̀gá Sylvester dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀. Gbogbo èrò na ọrùn láti wo ohun tí ọmọ máa ṣe. Fúnlọ́lá kò kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde bí ayaba, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá kú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì to àga kún àgbàlá fún ìsìn òkú. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín. Fúnlọ́lá ti Iléṣà dé pẹ̀lú oyún oṣù méje, wọ́n fa àga fún un, ó ní òun ò jókòó. Bàbá Àràmídé ló kọ́kọ́ dìde, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ìsìn tó parí, kò sẹ́ni tó kù lórí ìjókòó, títí kan Alàgbà Ọláolú.