Dúdú Ni Mo Ní Kó Mú

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé káàdì iṣẹ́ kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, bí ẹni pé Ọlọ́run náà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbọ́ àdúrà mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa iná mànàmáná, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Òkìtìpupa sì gbà mí síṣẹ́. Fáíbà ni wọ́n ń fà, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ilé àti ọ́fíìsì. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ọmọbìnrin òun ló ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ̀lú. Èmi náà gbà á gbọ́. Mi ò tíì fa nǹkan kan wọ ibì kankan nígbà náà. Sítóò ni wọ́n fi mí sí, kí n máa yan ohun èlò.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yíyàn yẹn ni bàbá àgbà kan, ará Ìjù-Odò, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Òun ló ń lẹ wáyà pọ̀ lórí òpó. Láyé tẹlifóònù orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òpó. Nígbà tí tẹlifóònù yẹn kú, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́. Nígbà tí fáíbà dé, ọ̀gá wa wá a lọ sílé, ó sì mọ ẹ̀rọ tuntun náà lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbà ìjọ aládùúrà ni. Kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ, àṣà yẹn ló sì bá a dé ẹnu iṣẹ́: kó tó ṣí àpótí ẹ̀rọ tó fi ń lẹ fáíbà, á kọ́kọ́ bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní eruku ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n títí mo fi mọ̀ ọ́n, kò sí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kan tó bàjẹ́.

Okùn iná méjìlá ló máa ń wà nínú wáyà kan, tín-ín-rín bí irun orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bàbá kì í pe àwọ̀ wọn. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta ló ń pè wọ́n títí dé ìkejìlá, kò sì ṣì wọ́n rí. Ní ti àwọ̀, mẹ́ta náà ló wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe wà lẹ́nu àwọn tó bí i: funfun, pupa, dúdú. Èmi mọ orúkọ àwọ̀ méjèèjìlá lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì máa ń kà wọ́n síta nígbà tí kò sẹ́ni tó bi mí.

Àwọn èèyàn rò pé wáyà ni gbogbo iṣẹ́ wa. Wáyà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí a fi ń gbé e kọ́, tí a fi ń bò ó, tí a fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ, àwọn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, pàápàá nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín tí òjò kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Bí wọ́n bá kó àpótí tí a fi ń bo ojú ìsopọ̀ wá, Bàbá á mú ọ̀kan, á ki tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, á dè é pinpin, á sì rì í sínú dírọ́ọ̀mù omi òjò di ọjọ́ kejì. Bí tíṣù náà bá tutù, gbogbo páálí yẹn ń padà síbi tó ti wá nìyẹn. Irin tó ń di wáyà mú lára òpó, á so okùn mọ́ ọn, á sì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ okùn náà. Ó máa ń sọ fún mi lédè Ìkálẹ̀ rẹ̀ pé, "Uṣẹ́ yìí, ọma mi, ojú la fi ń ṣe é kó tó kan ọwọ́." Mo máa ń dáhùn pé mo ti gbọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ aláṣọ ni mí, àkísà kò sí lára ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún.

Ọdún mẹ́fà ni Bàbá ti ń bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá wà, wọ́n á pè é. Bí kò bá sí, á gba oko lọ. Lọ́dún yẹn, a ń fa wáyà láti Òkìtìpupa gba ọ̀nà Ìyànsàn, ọ̀gá wa sì ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá yege lójú olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti Èkó, Bàbá máa gba ìwé. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe fẹ́ kó hàn lọ. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sọ fún ìjọ, wọ́n sì ti dúpẹ́ lé e lórí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bó ti ń ká okùn, pé òun kò fẹ́ kú ní ẹni tí wọ́n ń pè kìkì nígbà tí wọ́n bá rántí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí olùyẹ̀wò dé ni orí wáyà tán ní sítóò. Orí wáyà ni ike kékeré tó wà lẹ́nu okùn kúkúrú tí a fi ń so ẹ̀rọ inú ilé mọ́ wáyà tó ti ìta wọlé. Ọ̀gá ní kí n lọ yàn án wá ní Àkúrẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dá mi rán nìyẹn. Kí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà tó fún mi ní àga, mo ti sọ fún un pé èmi ni mo ń yan ohun èlò fún gbogbo agbègbè Òkìtìpupa. Mo wá pe Bàbá lórí fóònù, kí n lè dà bí ẹni tó ń tẹ̀lé ìlànà. Orí òpó ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Ó ní kí n má mú funfun, pé kò bá wáyà wa mu. Ó ní dúdú ni kí n mú. Fóònù gé.

Obìnrin náà gbé páálí méjì síwájú mi. Ọ̀kan dúdú bí aró, èkejì dúdú bí ewé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ojú mi rí. Aṣọ tó mu aró yó, dúdú ni. Ewé tó yọ dáadáa, dúdú ni. Inú aṣọ ni wọ́n bí mi sí. Bí ìyá mi bá ní kí n fa aṣọ dúdú yọ, aláró ni mo máa fà. Inú oko ni wọ́n bí Bàbá sí. Bó bá ní oko òun dúdú lọ́dún yìí, ewé ẹ̀gẹ́ ló ń sọ. Obìnrin náà rí i pé mo dúró. Ó ní, "Àǹtí, àwọ̀ wo ni ihò ara ẹ̀rọ yín? Torí àwọn méjèèjì yìí kì í bára wọn ṣe o."

Mo ní mo mọ iṣẹ́ mi. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Abéèrè kì í ṣìnà, mo ti mọ òwe yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n, ojú tì mí láti tún pe àgbàlagbà létí obìnrin yìí, kí n máa bi í pé dúdú wo ni. Mo mú aláró.

Iṣẹ́ orí òpó ni ti Bàbá, inú ilé ni tèmi, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ti orí wáyà wọ̀nyẹn bọ ihò wọn, láti ilé dé ilé. Àwọ̀ ewé ni ihò náà. Mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Orí náà wọlé, ó dún kí, mo sì lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ojú aláró tẹ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ojú aléwé ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ihò, ẹnu wọn kì í kanra dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á sì máa jò dànù láàárín wọn.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, olùyẹ̀wò fi mítà rẹ̀ wo ilé àkọ́kọ́, ó mirí. Ó wo ilé kejì, ó tún mirí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó. Ọ̀gá yíjú sí Bàbá lójú ẹsẹ̀, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń jò, ẹni tó lẹ wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bàbá rọra ní kí wọ́n yẹ ojú ìsopọ̀ òun wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò lábùkù. Ìgbà yẹn ni olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tó sì béèrè pé ta ló yan àwọn orí yìí.

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò gùn. Mo rí oríṣi méjì, olùtajà kìlọ̀ fún mi, mi ò béèrè. Mo la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Bàbá ló ní kí n mú dúdú, sà. Dúdú ni mo mú."

Òótọ́ ni, mo lè fi Bíbélì búra lé e. Olùyẹ̀wò wo Bàbá. Ó bi í bóyá èyí tó ní àwọ̀ ewé ló ń pè ní dúdú. Bàbá ní òun ni. Ọkùnrin náà fa okùn iná kan yọ lára wáyà tó wà nílẹ̀, ó gbé e sókè.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìkẹta ni."

"Àwọ̀ rẹ̀ ni mo bi yín, Bàbá."

"Dúdú."

Ó fa òmíràn yọ, tó rí bí aró. Bàbá ní, "Ìkíní nìyẹn. Dúdú lòun náà."

Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa náà sì rẹ́rìn-ín torí pé àlejò ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lójú àwọn méjèèjì. Olùyẹ̀wò sọ fún ọ̀gá pé ẹni tí kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ síra kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà tó ní àwọ̀ méjìlá. Mo wà níbẹ̀. Èmi tí mo ti rí i tó ń ka ìkíní dé ìkejìlá lójú oòrùn, lábẹ́ òjò, láìṣì rí, mo wà níbẹ̀, mo ń wo káàdì ọrùn mi. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní, "Ohun tí mo pè ló mú. Ẹ má bá ọma yìí wí." Ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Bí wọ́n ṣe ń lé àgbàlagbà nìyẹn. Kò pé oṣù méjì, ìwé kan jáde lóòótọ́, orúkọ tèmi ló sì wà lórí rẹ̀: alábòójútó ohun èlò. Ọ̀gá ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé àṣẹ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò kùtà rárá. Wọ́n rà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá mi fi aṣọ tuntun dá mi lọ́lá, mo sì wọ̀ ọ́.

Ọdún méjì kọjá kí n tó lè lọ sí Ìjù-Odò. Ọ̀kadà gbé mi dé ojúlé rẹ̀. Mo bá a níwájú ilé tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, tó fẹ́ fi ṣe pùpurù. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó pè mí ní ọma mi, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè bóyá mo ṣì ń ri àpótí sínú omi. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí páálí méjì dé ìkìlọ̀ obìnrin náà, dé ibi tí mo ti dákẹ́. Mo ní kó dárí jì mí. Mo rò pé yóò ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Kò mọ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti rò pé ẹnu mi ló ba uṣẹ́ jẹ́. Ọdún méjì ni mo fi bá ẹnu mi jà, mo sì ti dárí jì í. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni mo tún máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárí jì báyìí, mo sì ti dàgbà."

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Kò lé mi. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi dé, mo mu ún. Mo dìde, mo kí wọn, ó dáhùn bí ènìyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ. Bàbá ti sùn, ìjọ rẹ̀ ló sin ín, mi ò sì mọ̀ bóyá ó parí ohun tó ní òun máa bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ, pé ó yẹ kó mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi. Mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́. Ẹrù ló wúwo lọ́rùn mi, mo lọ sọ̀ ọ́ sílé arúgbó tó ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ipò alábòójútó yẹn ni mo ṣì wà títí dòní, mo sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa báyìí. Àwọn tó wà lábẹ́ mi ní mo le, pé mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iṣẹ́ bá gbé wa gba Ìjù-Odò, èmi ni mo máa ń sọ fún awakọ̀ pé kó má dúró.