Ilé Ìkàwé Tí Wọ́n Tì Mọ́ Gbọ́lágadé

Gbọ́lágadé Adésànyà kú lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú ilé ìkàwé ìlú Port Harcourt tí wọ́n ń tún ṣe. Oògùn ikán tí wọ́n fọ́n sára pákó ibẹ̀ ló gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, oògùn kọ́ ló pa á. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni.

Nígbà tí ìjọba gbé e wá síbí láti Ìjẹ̀bú lọ́dún 1968 láti máa tọ́jú ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn tí ìbọn dáké nílùú, òrùlé ilé náà ti lu bí asẹ́, àwọn alátẹ sì ń fi ojú ìwé rẹ̀ di ẹ̀pà. Gbọ́lágadé ń ra ẹ̀pà ṣáá kó lè gba àwọn ojú ìwé náà padà. Bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀pà! Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ là ń jẹ ẹ́, tí a tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ogun parí, àwọn alátùn-únṣe dé. Wọ́n kun iwájú ilé, wọ́n fi irin dí gbogbo fèrèsé, wọ́n fi àgádágodo ńlá kọ́ ẹnu ọ̀nà de àlejò pàtàkì tí yóò wá ṣí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo wí yẹn, wọ́n fọ́n oògùn tán, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ yàrá ẹ̀yìn wò, níbi tí Gbọ́lágadé ti ń kó ìwé kúrò lábẹ́ òjò. Àtúnṣe rèé: iwájú ń dán, ẹ̀yìn ń jò.

Dagogo, ọlọ́dẹ ibẹ̀, rí ọwọ́ rẹ̀ láàárín irin fèrèsé. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì.

"Abeg, give me key! Oga Gbolagade dey inside, e no fit breathe!"

Akọ̀wé dáhùn pé, "Dem say make nobody open am before ceremony. Go bring paper."

Ta ni yóò kọ ìwé àṣẹ, nígbà tí ọ̀gá ti lọ jẹun ọ̀sán? Dagogo padà lọ fa irin náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Irin kò mì. Iṣẹ́ gidi kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe nínú ilé yẹn nìyẹn.

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, Gbọ́lágadé ti kú. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá akọ̀wé náà. Akínbíyìí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣí i ni, wọn ì bá lé mi. Ta ni ì bá bọ́ àwọn ọmọ mi?"

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ta ló kọ́ ọ pé kó bẹ̀rù ọ̀gá ju ikú ẹnìkejì rẹ̀ lọ?

Wọ́n ní ayẹyẹ ìṣílé kò yẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni tó kú ló gbé, àbí? Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé òkú. Ẹ̀yin tí ẹ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde, kí ẹ sì lọ jẹ́jọ́ níwájú adájọ́. Bí ẹ bá sá pamọ́, èmi àti Àtọ́kẹ́ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kí àlejò yín tó wọlé, yóò kọ́kọ́ bi yín pé ta ló kú síbẹ̀, ẹ ó sì dá a lóhùn lójú opó.