Eérú Lára Àrọ̀

Bí ènìyàn bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà èwe mi, mo máa ń sọ pé eérú ni mo ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo máa ń dúró kí ó rín in tán. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìròyìn ń jà kiri pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, wọ́n dá ibùdó ìwádìí kékeré kan sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni láti yẹ omi òjò, ewébẹ̀ àti ẹja wò, bóyá ìtànṣán tó ń pa ènìyàn, tí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ máa ń tú sínú afẹ́fẹ́, ti wọ inú wọn. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i pé nǹkan kan dára fún jíjẹ tàbí kò dára. Èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Ẹnu mi mú. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀rọ wa ò lè pariwo tó mi.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le. A ó sun ẹja nínú iná ìléru títí yóò fi di eérú, a ó da eérú náà sínú àwo kékeré, a ó sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń dún kẹ́, kẹ́, bí ìtànṣán bá wà. Bí ó bá ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àlàáfíà ni, nítorí kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kò ní díẹ̀ lára. Bí ó bá ń dún léraléra, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rù nìyẹn.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló tọ́ mi. Àbúrò ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá mi kú ló wá gbé mi ní Ìkòròdú lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn ìmàle tí baba ńlá wọn ti Èkó wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹja ló ń tà ní Ọjà Olúwo. Àrọ̀ tútù ló máa ń tà láàárọ̀, á sì yan èyí tó bá kù. Ẹja yẹn ni mo jẹ dàgbà, òun ló ra aṣọ fún mi, òun náà ló rán mi lọ sí òkè òkun lọ kàwé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa, òyìnbó arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí a yẹ ẹja Ẹ̀pẹ́ wò, Ìyá ni mo ránṣẹ́ sí. Mo ní kí ó fi àrọ̀ rán awakọ̀ lọ́rì sí wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde nínú ọ̀sà.

Ẹja dé. Àsìkò ọyẹ́ ni, gbogbo nǹkan, títí kan ara ẹja náà, ló funfun fún eruku. A sun ún, mo gbé eérú rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná.

Ní Èkó, ìjọba ti ń retí ìwé àbájáde wa, a sì mọ̀ pé bí a bá rí ohun tí kò dára, wọn yóò da ẹja Ọjà Olúwo nù, wọn yóò sì ní kí ẹnikẹ́ni má tà á mọ́. Obìnrin tó ti darúgbó sídìí ẹja, iṣẹ́ wo ni yóò tún lọ kọ́? Bí mo bá fọwọ́ sí i pé kò dára, ọwọ́ tí Ìyá fi ẹja bọ́ ni n ó fi gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí n kò bá sì fọwọ́ sí i, tí ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ pa, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í jẹ ẹja. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń sunkún. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí òun lọ tẹ wáyà sí Èkó kíákíá. Mo ní bó bá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn yẹn, àwo ni n ó fi là á lórí.

Ariwo mi ló mú ọ̀gá wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bi mí pé omi ọ̀sà tí wọ́n bù wá láti Ẹ̀pẹ́ ńkọ́. Mo ní kò sí ewu kankan níbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ẹja yìí lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “N kì í gba ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan gbọ́. Lọ fọwọ́ ara rẹ mú òmíràn wá. Èkó yóò dúró.”

Èkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ bí wọ́n ṣe bú u tó nítorí ìdádúró yẹn, kò sì sọ fún mi rí. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀ níbikíbi tó bá wà.

Mo wọ lọ́rì, a gba Agbowa kọjá, mo ń gbàdúrà títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Bí Ìyá ṣe rí mi lọ́jà, ó fò dìde.

“Ọmọ mi! Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, Ìyá. Ẹja ni mo tún wá mú.”

“Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ò dáa ni?”

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fa àrọ̀ kan yọ nínú omi, ó pa á, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó bu eérú nínú ìkòkò kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ẹja náà láti orí dé ìrù, ó ń ki eérú bọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bó ṣe kọ́ mi ní kékeré, tí òkè òkun ti mú mi gbàgbé.

“Ìyá! Eérú wo lẹ fi ń ra á?”

“Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi ń po ọṣẹ ni. Kí ara ẹ̀ má yọ̀ mọ́.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe èyí tí ẹ fi ránṣẹ́?”

“Báwo ni ǹ bá tún ṣe é? Mi ò fomi ṣàn án, kó má baà bàjẹ́ lọ́nà.”

“Mo ní bó ṣe jáde nínú ọ̀sà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́!”

“Mo gbọ́. Àmọ́ ibi iṣẹ́ ọmọ mi ni mò ń fi ránṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ òyìnbó. Ṣé kí n di àrọ̀ tó ń yọ̀ fún wọn, kí wọ́n lè sọ pé inú ìdọ̀tí la ti tọ́ ẹ? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo dì mọ́ ọn pẹ̀lú eérú àti ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé eérú igi, pàápàá ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní ìtànṣán tirẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó fún mi ní àrọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì ń yọ̀, kí ó sì bu eérú díẹ̀ sínú ewé lọ́tọ̀. Eérú kò le, àrọ̀ ló dìjà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà, ó sì fi ìborùn bo apẹ̀rẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kí èrò ọ̀nà má baà rí i.

Ní Ìkòròdú, eérú ẹja náà dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ. Eérú inú ewé ló ta bí àgbàdo. Mo fọwọ́ sí i pé ẹja Ẹ̀pẹ́ dára. Wọn kò da ẹja kankan nù ní Ọjà Olúwo.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀, ó tẹ́wọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, “Alihamudulilahi.” Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá a ó tún yẹ ẹja wò. Mo ní oṣooṣù ni.

Láti oṣù náà títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àrọ̀ ń bá lọ́rì wá nínú ewé, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò sí eérú kankan níbẹ̀. Awakọ̀ sọ fún mi pé inú yàrá ni Ìyá ti máa ń dì í, ìlẹ̀kùn á wà ní títì, kí ará ọjà má baà rí i. Ohun tí ìbá tì í lójú jù láyé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dì ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé iṣẹ́ mi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Méjì ló máa ń fi ránṣẹ́. Ọ̀kan a lọ sínú iná ìléru. Èkejì, mo máa ń gbé e relé, n ó bu eérú, n ó sì fi ra á láti orí dé ìrù bó ṣe kọ́ mi, kí n tó gbé e kaná.