Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Àgọ́ Aláyè

Mo rántí ìgbà tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́dún náà lọ́hùn-ún, bí mo bá ti rí ewé tó dúró ṣánṣán lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, màá yà gba ọ̀nà mìíràn. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà ní Òdígbó. Ìyá ọkọ mi ló ni oko àgbagbà tí a jọ ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Orè. Èmi nìkan ni mo parí ilé-ìwé girama nínú gbogbo obìnrin agboolé, nítorí náà kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ta ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹni tó súnmọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín á wá sí oko rẹ, wàá hú u fún un, á gbé e rù, á sì máa lọ láìdúpẹ́. Kò gbọdọ̀ dúpẹ́. Àwọn àgbà ní ọpẹ́ tó bá ṣáájú èso máa ń gbé èso náà lọ. Ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá so tó gbó ni ẹni náà á tó já díẹ̀ nínú àkọ́so rẹ̀ wá fún ọ, ìgbà yẹn ló tó lè ṣí ẹnu sọ pé, "Ẹ ṣé."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀gá ágíríìkì kan wá bá wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kéékèèké kan dání tí wọ́n tọ́ nínú ìgò níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí. Ó ní àrùn kan ń jà kiri, ohun àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ ìdí ewé ló ń gbé e láti ara igi kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń hú fún ara wa ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Ó ní àwọn ti inú ìgò yìí mọ́, kò sí àrùn lára wọn. Ìyá ọkọ mi wá bi í bóyá kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yí ẹ̀dá rẹ̀ padà nìyẹn. Ọkùnrin náà ní rárá o, ìyẹn yàtọ̀. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé nílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́ pa ìbẹ́pẹ àwọn kan run, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bu bíńtín lára fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún gan-an, wọ́n fi sínú ẹ̀dá ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ sì ti dá àrùn náà mọ̀ kó tó dé, kò rí i gbé ṣe mọ́. Ó ní wọ́n ṣì ń gbìyànjú irú rẹ̀ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, ohun kan ṣoṣo ni a gbọ́: wọ́n fi àrùn sínú èso. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ohùn ọkùnrin kan ń lọ kiri lórí fóònù wa, tó ń pariwo pé obìnrin tó bá jẹ irú èso bẹ́ẹ̀ kò ní bímọ láéláé. Èmi rèé, mi ò tíì lóyún, ìyá ọkọ mi sì ti ń wo ikùn mi tìfura-tìfura. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo dìde láàrin àwọn obìnrin agboolé, mo ní, "Ẹ ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ágíríìkì fúnra rẹ̀, àrùn ni wọ́n fi sí i!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀gá náà fún ilé wa, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo jù wọ́n sí.

Nígbà tó ṣe, àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lóko wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tóóró, tó dì pọ̀, tó sì dúró ṣánṣán sókè. A ní agbára ló pọ̀ lára wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n. Àsìkò yẹn ni ìyá kan ránṣẹ́ sí mi láti Àgọ́ Aláyè pé òun fẹ́ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilé ìyá yìí ni mo gbé nígbà tí mo ń lọ sí ilé-ìwé, oúnjẹ rẹ̀ ni mo jẹ dàgbà. Mo fara balẹ̀ ṣa àwọn tí ewé wọn nàró jù lọ fún un, mo dì wọ́n sẹ́yìn ọ̀kadà, mo gbé wọn lọ fúnra mi. Kò dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Inú mi dùn bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀gá ágíríìkì tó padà wá. Ó wọ oko wa, ó ya ewé kan, ó fi àwọn ilà dúdú wẹ́wẹ́ tó wà lára ọ̀pá ewé náà hàn wá, ó sì mi orí. Ó ní àrùn tí òun sọ nìyí, gbogbo wọn ni ká hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kò sí èyí tó máa so. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. Èmi ò lè sunkún, Àgọ́ Aláyè ni ọkàn mi lọ.

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, màá sá wọ yàrá. Mo ń bẹ̀rù kí ọkọ mi gbọ́, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n ní mo fi ibi san oore. Àfìgbà tí ẹnì kan dé láti ọ̀hún tó ní oko ìyá ti parun, pé ìyá sì ti fẹ̀sùn kan orogún rẹ̀, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Wọ́n ní òun ló fi ọwọ́ burúkú kan oko náà, ó sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Ìbẹ̀rù tó bá mi lọ́jọ́ náà ju ti gbogbo oṣù mẹ́ta lọ. Mo gun ọ̀kadà.

Ìyá wà lórí àpótí níwájú ilé. Ó ní, "Ọma mi, ọ̀nà rẹ ni mò ń wò. Ilẹ̀ mi ti bàjẹ́. Bí obìnrin yìí bá ti lọ, wàá tún bá mi hú òmíràn wá." Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má lé wọn. Èmi ni. Àrùn wà lára èyí tí mo gbé wá fún yín."

"Ṣé o mọ̀ nígbà tí o gbé e wá?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Ó dìde lórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó pe orogún rẹ̀ jáde, ó ní kó tú ẹrù rẹ̀, pé òun ti ṣì í mú. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ìyá sìn mí dé ìdí ọ̀kadà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣé." Èso wo ni mo fún un?

Ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo jù sẹ́yìn balùwẹ̀ ti ta gbòǹgbò, ó sì ti so láìsí ẹni tó bojú wò ó. A jẹ nínú rẹ̀ nígbà tó yá, ọmọ mẹ́ta ni mo sì ti bí báyìí. Nígbà tí ilẹ̀ ìyá ti sinmi, mo hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ yẹn lọ sí Àgọ́ Aláyè, lẹ́yìn tí mo ti mú ọ̀gá ágíríìkì wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ewé kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bí irú ohùn yẹn bá tún dé orí fóònù mi, àyà mi ṣì máa ń já. Ṣùgbọ́n mo ti ń béèrè kí n tó pariwo.

Ìyá kò dúró rí àkọ́so náà, ikú ti mú un lọ. Orogún rẹ̀ ló rù ú wá. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó mu omi, ó dìde, ó ń lọ. Ó rí i pé mò ń wo òun lẹ́nu.

Ó ní, "Ìyá ti bá wa dúpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀."